Ọjọ́ Tí Alága Eladio Fẹ́ Ya Fọ́tò Pẹ̀lú Ajá

Ọjọ́ tí Alága Eladio Zárate gbọ́ pé àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn olóṣèlú tó bá ń sin ajá, ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ajá wà ní San Crispín. Ṣáájú ìgbà náà, ohun méjì péré ló mọ̀ pé ó wà nílùú: òun fúnra rẹ̀, àti àwọn tó yẹ kí wọ́n máa kí òun.

Orí fóònù lọ̀rọ̀ náà ti wá. Amparo Quiñones, obìnrin tó jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Oaxaca, olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, ló pè é. Ó ní ẹgbẹ́ ń wá ẹni tí yóò du ipò aṣòfin, orúkọ Alága sì wà lára àwọn tí àwọn ń gbé yẹ̀wò. Kí ó ya fọ́tò kan: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fẹ́ràn jù nílé. Òun Amparo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wo bí wọ́n ṣe máa yà á. Bó bá wu òun, orí pósítà ni Alága yóò ti bá ojú ara rẹ̀ pàdé.

Alága dìde dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ti gbé fóònù sílẹ̀ tipẹ́, ọkùnrin yìí ṣì ń tẹrí ba fún un.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti lọ bá Ubaldina, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wà nídìí ààrò búrẹ́dì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó ń fi pátákó ọlọ́wọ́ gígùn kó búrẹ́dì ẹlẹ́yin jáde. Ìdajì ìlú ló ń fi búrẹ́dì yìí mu ṣokoléètì láàárọ̀. Ìdajì yòókù ń bọ̀ wá rà á lọ́sàn-án.

"Ìyá Nereida!" ni Alága pariwo, pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá ẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀. "Wákàtí ti tó! Ìdílé yìí ti fẹ́ kúrò nínú eérú bọ́ sínú ìtàn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá Nereida, ẹ má dúró síbi tí èéfín ń gbà."

Ó sún, ó wúkọ́, ó sì rò fún un: fọ́tò, pósítà, ipò aṣòfin, ilé tuntun ní Oaxaca. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ààrò náà bí ẹni ń na ìka sí ọ̀daràn.

"Èyí? Bí wọ́n bá ti yàn mí ní Sátidé, àwọn bíríkìlà á wá wó o ní Mọ́ńdè. Ibẹ̀ ni mọ́tò mi yóò máa sùn tí mo bá wá sílé. Ìyàwó aṣòfin kì í po ìyẹ̀fun."

Ubaldina gbé pátákó náà sílẹ̀. "Kí wá ni ìyàwó aṣòfin máa ń ṣe?"

"Ó máa ń jókòó."

"Láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Bó bá sú u, ó lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òsì."

Bó ti sọ̀rọ̀ yìí tán ló bá tirẹ̀ lọ. Ubaldina dúró, ó gbé ọwọ́ lé ògiri ààrò náà, ó gbóná bí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn. Ẹ má rò pé kò fẹ́ kí ọkọ òun ga. Ohun tí kò fẹ́ ni kó gun orí ààrò ìyá òun kó tó ga.

Ó wá ku ajá. Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Alága fúnra rẹ̀ ló ti ṣòfin pé ajá kankan ò gbọ́dọ̀ gba gbàgede ìlú kọjá. Ó ní wọ́n máa ń wo òun láìbọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí òrùlé ilé ìjọba tún bú jáde. Akọ̀wé Wenceslao ló ń kéde. Wenceslao yìí, bí Alága bá sín, òun ló máa ń nu imú.

"Ẹ fetí sílẹ̀! Alága wa, bàbá omi ẹ̀rọ, bàbá iná òpópónà, bàbá gbogbo ẹni tí kò ní bàbá àti àwọn tó ní, ti dárí ji àwọn ajá! Kí gbogbo ajá tó bá níwà wá fara hàn nílé ìjọba!"

Wọ́n wá. Àwọn tó níwà, àwọn tí kò ní. Alága jókòó sórí àga gíga, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún wọn kó lè mọ èyí tó ń gbọ́. Ajá àkọ́kọ́ yán. Ó ní kí wọ́n mú un jáde, ẹgbẹ́ alátakò ló rán an. Ìkejì lẹ́wà, irun rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Alága wò ó, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ó ní èyí náà kò yẹ. Ìkẹta gbé ẹsẹ̀ sókè sára àsíá, wọn ò sì jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe parí.

Àfi bí ajá dúdú kan ṣe rọra wọlé fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó rìn jẹ́jẹ́ dé àárín yàrá, ó jókòó, ó sorí kọ́, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Alága láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Alága sọ pé "ní ìparí" lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí kò sì parí, ajá náà kò mira. Ó tilẹ̀ mí kanlẹ̀ ní ibi tó yẹ.

Omi bọ́ lójú Alága. "Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Ẹ wo ẹni tó mọ̀ mí! Ta ló ni ín?"

 Kò sẹ́ni tí kò mọ ajá náà, Tizne lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́nì kan pàtó tó ni ín, gbogbo ìlú ló ni ín, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: Tizne ló ń ṣíwájú òkú. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ní San Crispín, olówó tàbí tálákà, bí àwọn onífèrè bá ti mú orin ìsìnkú sẹ́nu báyìí, Tizne á dìde níbikíbi tó bá wà, á bọ́ síwájú pósí, á sì rìn ín dé itẹ́ òkú. Á jókòó síbẹ̀ títí wọn á fi gbàdúrà tán, á wá bá wọn lọ jẹun nílé olóògbé. Ọdún púpọ̀ ló ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ gígùn ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ó ti gbọ́ ti àlùfáà.

Ẹ óò béèrè pé báwo ni Alága ṣe wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀? Ó rọrùn. Kì í lọ síbi ìsìnkú. Òdòdó ló máa ń fi ránṣẹ́, orúkọ tirẹ̀ a sì tóbi lára rẹ̀ ju ti olóògbé lọ.

Ubaldina wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì. Ó ní, "Bàbá Nereida, ajá yẹn…"

"Mo mọ̀! Ó jọ mí!"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ wí. Iṣẹ́ tó ń ṣe…"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà láti òní. Ajá aṣòfin ni."

"Ajá aṣòfin!" ni Wenceslao gbè é, ó sì tẹrí ba fún Tizne. Ubaldina gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, San Crispín ò sinmi. Wọ́n fi ọṣẹ ìyàwó Alága wẹ Tizne, wọ́n fi lọ́fínńdà Alága wọ́n ọn, wọ́n so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ọn láyà, irú èyí tí Alága fúnra rẹ̀ ń so. Wenceslao kéde pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede kun ilé rẹ̀ ní àwọ̀ òdòdó, nítorí ó bá táì Alága mu. Ó kéde pé lọ́jọ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín tó fẹ̀ ju ti Alága. Ó wá lọ ń wọn ẹ̀rín kiri ilé pẹ̀lú okùn télọ̀.

Nílé ńkọ́? Alága ò kúrò níwájú dígí mọ́. Ó ń kọ́ ojú.

"Èyí ni ojú àánú," ló wí fún Nereida, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń lọ sí ilé-ìwé gíga. "Báwo ló ṣe rí?"

"Bí ẹni tí eyín ń dùn, Bàbá."

"Èyí ńkọ́? Ojú ọgbọ́n."

"Eyín kan náà ni. Ó ti wá kan etí."

"Ìyá rẹ ló kọ́ ọ lẹ́nu yìí!"

"Rárá o. Ìyá mi ní kí n dákẹ́. Ẹ̀yin ni mo fi ẹnu jọ."

Ubaldina ń lọ àwọn nǹkan ọbẹ̀ mole lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ata gbígbẹ, ṣokoléètì, ẹ̀pà, ìkòkò ńlá ńlá, nítorí Alága ní àsè tí aṣojú ẹgbẹ́ máa jẹ gbọ́dọ̀ lè yó ọmọ ogun. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ẹ rí i, ọkọ ẹni ni ọkọ ẹni.

"Bàbá Nereida, ẹ gbọ́ mi lẹ́nu ṣókí. Ẹ má jẹ́ kí Fulgencio àtàwọn onífèrè rẹ̀ fọn fèrè níwájú ajá yẹn."

Alága kò tilẹ̀ yí ojú kúrò nínú dígí. "Ubaldina, lọ́jọ́ Sátidé, ẹnu tìrẹ kì í ṣe fún ọ̀rọ̀, fún ẹ̀rín ni. Bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò rẹ nísinsìnyí. Ṣé o sì ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ pé ààrò ti kógbá sílé?"

Obìnrin náà wò ó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ata nu iwájú orí, ó ní, "Ó dáa." Ó padà sídìí ata tó ń lọ̀.

Sátidé pé. Oòrùn yọ, àfi bíi pé Wenceslao ló kéde fún un. Láàárín gbàgede, níwájú àtíbàbà tí àwọn onífèrè máa ń jókòó sí, Rutilio onífọ́tò ti to àga sílẹ̀. Amparo Quiñones dé nínú mọ́tò dúdú, obìnrin kúkúrú tí ojú rẹ̀ ń wo gbogbo nǹkan tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ. Gbogbo ìlú dúró yí ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ìwọ̀n tí òfin gbà.

Alága wọ kóòtù funfun. Ubaldina àti Nereida náà wọ funfun. Tizne jókòó níwájú, ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Wenceslao so okùn ajá náà mọ́ ọrùn ọwọ́ Alága, ó ta kókó, ó ta kókó lé e, ó tún tún un ta. Ó ní kókó ìṣòtítọ́ ni, kò lè tú láé.

"Kí á tó yà á," ni Alága sọ, "orin gbọ́dọ̀ wà. Ènìyàn bíi tèmi kì í wọ inú ìtàn ní ìdákẹ́jẹ́."

Olórí àwọn onífèrè ni Maéstro Fulgencio, bàbá àgbà kan tó ní irun imú bíi búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ijó kan tó dùn. Àwọn ọmọdé ń fò.

"Ẹ dá a dúró! Orin adìẹ rèé. Ṣé adìẹ ni mo jọ?"

Wọ́n mú orin ìgbéyàwó. Ó ní ó fúyẹ́. Wọ́n mú orin ológun. Ó ní ó ń sáré jù, òun kì í sáré. "Mo fẹ́ èyí tó wúwo! Èyí tó ń rọra rìn! Èyí tí àgbàlagbà bá gbọ́ á ṣí fìlà! Ṣé ẹ ò ní irú rẹ̀ ni?"

Fulgencio yún irun imú. "Alága, a ní in. Ṣùgbọ́n a kì í fọn ún fún…"

"Fún ta? Fún àwọn èèyàn lásán? Mo mọ̀! Èmi ni kí ẹ fọn ún fún!"

Fulgencio wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ wá bá ti Ubaldina. Àkókò díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Ubaldina rí gbogbo rẹ̀: ó rí àwọn bíríkìlà ọjọ́ Mọ́ńdè, ó rí mọ́tò tó sùn sórí ààrò ìyá rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lórí àga ní Oaxaca, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí òsì. Ẹnu rẹ̀ kì í kúkú ṣe fún ọ̀rọ̀ lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì forí ṣe bẹ́ẹ̀ ni fún Fulgencio.

Fèrè ńlá ké *ùùùù*. Ìlù títóbi dáhùn, *gbìm*. Wọ́n mú orin ìsìnkú sẹ́nu.

Tizne dìde.

Ó na ara rẹ̀, ó gbé orí ga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀nà itẹ́ òkú, jẹ́jẹ́, bí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Okùn na tán. Alága fò kúrò lórí àga bí ẹni tí wọ́n fi ìwọ̀ fà. Rutilio onífọ́tò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, *kàmú*.

"Dúró! Jókòó! Mo ní jókòó!"

Ajá tí àlùfáà ò lè dá dúró? Bí ẹ bá rí Tizne, ẹ óò mọ̀ pé kì í ṣe ajá kékeré, ọrùn rẹ̀ tó itan Wenceslao. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ṣí i. Àwọn ìyá àgbà fa ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà yọ. Àwọn onífèrè sọ̀ kalẹ̀ láti inú àtíbàbà, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ajá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, nítorí ẹsẹ̀ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọn orin náà lórí ìdúró. Ẹni tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ orin, ó fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó di okùn mú: *góó… góó…* Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ìlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Gbogbo ìlú kàn tò, wọ́n ń lọ.

Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bọ̀ láti oko àgbàdo pàdé wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣí fìlà kíákíá.

"Ta ló kú?"

"Alága ni."

"Áà! Ó ṣe o. Ó mà ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

"Agídí. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mi ò kú!" ni Alága ń ké, ó ń fi bàtà funfun túlẹ̀. "Mi ò tíì kú o!"

"Gba kámú, Alága," ni ìyá àgbà kan wí, ó sì ń ka àdúrà rẹ̀ lọ. "Ó máa ń kọ́kọ́ ṣòro fún gbogbo wọn."

"Wenceslao! Tú okùn yìí!"

Wenceslao ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi eyín já kókó ìṣòtítọ́, omijé wà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà ilé ìjọba, ó wẹ̀yìn, ó rí bí èrò ṣe pọ̀ tó, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo èrò. Ó yọ fìlà, ó bọ́ sáàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ara Alága ò yá.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ẹnu géètì itẹ́ òkú. Tizne jókòó. Orin dákẹ́. Gbogbo èèyàn dúró, nítorí ohun tó kù nìyẹn tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó wọlé: ẹnikẹ́ni tó bá mọ olóògbé á sọ ohun dáadáa kan tó ṣe. Bí wọn ò bá sọ ọ́, Tizne kì í dìde.

Wọ́n dákẹ́.

Wọ́n tún dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́, gbogbo ojú yí sí i, ó ní ikọ́ lásán ni. Alága dúró láàárín wọn, ọ̀já rẹ̀ ti wọ́ sí orúnkún, ó ń wo ẹnu wọn láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn ojú tó kọ́ nínú dígí ti tán. Ojú tó kù fún un ni ti ẹni tó ń retí.

Níkẹyìn, bàbá arúgbó kan gbé ọ̀pá sókè. "Ó ga," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni àwọn kan gbè é. "Ó ga díẹ̀."

 Tizne ò mira. Oòrùn ń gun Alága lórí. Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

Ubaldina mọ̀ pé òun ló forí ṣe bẹ́ẹ̀ ni fún Fulgencio. Ó bọ́ síwájú. "Kó tó di alága," ló wí, "ọkùnrin yìí máa ń jí gun orí òkè láàárọ̀ lọ ṣẹ́gi wá fún ààrò mi. Bí òjò ń rọ̀, á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo igi náà kó má baà tutù. Òun fúnra rẹ̀ á tutù rinrin. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Ó máa ń kọrin ni."

"Ó kọrin?" ni Nereida béèrè.

"Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́."

Tizne mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó yí padà, ó sì forí lé ilé Alága. Ilé olóògbé ni wọ́n ti ń jẹun, ta ni ò mọ̀? Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e. Wọ́n bá ìkòkò mole tó lè yó ọmọ ogun, wọ́n bá tàmálè àgbàdo tí wọ́n fi ewé dì, wọ́n bá ọtí mezcal, wọ́n jókòó. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń sìnkú ní San Crispín, kò tíì sí olóògbé tó tọ́jú àwọn èèyàn báyìí.

Amparo Quiñones jẹ àwo méjì. Ó fi búrẹ́dì Ubaldina nu àwo kejì mọ́ tónítóní. Alága wá bá a, okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ajá ṣì wà nídìí okùn.

"Aṣojú wa," ló wí, "ẹ jẹ́ ká padà lọ ya fọ́tò náà. Mo ní ojú kan tí mi ò tíì lò."

"Don Eladio," ni obìnrin náà dáhùn, "báwo ni mo ṣe máa lẹ pósítà ẹni tí àwọn tó máa dìbò fún un ti sin, tí wọ́n sì ti jẹ oúnjẹ rẹ̀? Tí ẹ bá dìde lọ́jọ́ kẹta, ẹ pè mí." Ó yíjú sí Ubaldina. "Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di búrẹ́dì yìí díẹ̀, mo fẹ́ gbé e lọ sílé."

Ní Mọ́ńdè, àwọn bíríkìlà wá lóòótọ́. Búrẹ́dì ni wọ́n wá rà. Ìlú ti pàdé ní Sọ́ńdè, wọ́n sì ti yan alága mìíràn, nítorí wọ́n ní kò bójú mu kí àga olóògbé máa ṣófo. Wenceslao ló kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó ní alága tuntun ni bàbá omi ẹ̀rọ.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì títí dòní. Ubaldina àti Nereida jókòó síbẹ̀ nínú funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó fẹ̀ ju bí òfin ṣe gbà lọ. Tizne ń jáde lọ lápá kan bí ẹni iyì. Lẹ́yìn rẹ̀, bàtà funfun kan wà lójú afẹ́fẹ́.

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n máa ń gbà fún òkú pé, àwọn ìyá àgbà dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti àbẹ́là, nítorí wọn kì í ṣe iṣẹ́ ní ìlàjì. Ubaldina ṣílẹ̀kùn fún wọn, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jókòó," ló wí. "Olóògbé ò ní pẹ́ dé. Ó lọ ṣẹ́gi."

Láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀, tòun ti Tizne. Ó ń kọrin, kò sì mọ̀ ọ́n kọ.